Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ọrùn ẹsẹ̀ màmá mi, ẹsẹ̀ ò tọ́ mọ́: ṣé a lè gbé dókítà lọ kóòtù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Ọ̀kadà ló gbá màmá mi nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ọjà Òkè Ajé n'Íjẹ̀bú Òde, ọrùn ẹsẹ̀ wọn kán, ọsibítù aládàáni kan ní Rẹ́mọ ló ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n fi irin sí i. Ó ti tó oṣù márùn-ún, egbò ṣì ń ṣọyún, ẹsẹ̀ ti yà, dókítà kàn ń ní ká fọkàn balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká lọ kó ọlọ́pàá dé. Kí la lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí màmá, Ọlọ́run á wò wọ́n sàn. Kí n tó sọ ti ẹjọ́, egbò tó ń ṣọyún níbi tí irin wà kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fọkàn balẹ̀ sí, ẹ gbé wọn lọ rí dókítà eegun míì lọ́sẹ̀ yìí, teaching hospital tó wà ní Ṣágámù ò jìnnà sí yín. Tí wọ́n bá tún ní ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀la ti pẹ́ jù.

Ẹ gbọ́, pé iṣẹ́ abẹ ò bọ́ sí i kò sọ pé dókítà jẹ̀bi o. Kòkòrò lè wọ egbò, eegun lè kọ̀ kó má so, ó ń ṣẹlẹ̀ sí dókítà tó mọṣẹ́ dáadáa. Ohun tí kóòtù máa bi yín ni pé kí ni dókítà yìí ṣe tí dókítà eegun tó mọṣẹ́ ò ní ṣe, ṣé ìyẹn gan-an ló sì ba ẹsẹ̀ jẹ́ àbí ọ̀kadà ti bà á jẹ́ tán. Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ń kú sí. Ṣé wọ́n ya ẹ́síréè lẹ́yìn tí wọ́n fi irin sí i? Nígbà tí ọyún bẹ̀rẹ̀, ṣé wọ́n gbà á lọ sí láàbù, àbí oògùn ni wọ́n kàn ń pààrọ̀? Tí màmá bá ké pé pí-ò-pí (ohun funfun líle tí wọ́n fi ń di ibi tó kán) fún wọn jù, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wú tó tutù, ta ló dá wọn lóhùn, ìgbà wo ló sì dá wọn lóhùn? Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2014 tún ní kí wọ́n ṣàlàyé ewu tó wà nínú iṣẹ́ abẹ fún aláìsàn, ní èdè tó gbọ́ bó bá ṣeé ṣe, torí náà ẹ bi màmá kí ni wọ́n sọ fún wọn kí wọ́n tó tẹ̀ka.

Ẹlẹ́rìí yín ni dókítà kejì yẹn. Ẹjọ́ kan wà láti Benin City, abẹ́rẹ́ kán sínú obìnrin kan nígbà iṣẹ́ abẹ, ó ṣì pàdánù ní Supreme Court ní 2006, torí kò ní ẹ̀rí dókítà kankan tó máa ta ko ti àwọn tó ṣiṣẹ́ náà. Ó dùn mí gan-an bí mo ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Torí náà ẹ kọ lẹ́tà sí ọsibítù, ẹ béèrè ẹ̀dà fáìlì, ẹ́síréè àti ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní yàrá iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ máa ya fọ́tò egbò, ẹ kó gbogbo rìsíìtì jọ, kódà owó mọ́tò.

Ọlọ́pàá ò lè bá yín gba owó ìtọ́jú. Ẹ lè fẹjọ́ sun MDCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, pẹ̀lú àfídáfíìtì (ìwé ìbúra), wọ́n lè dá dókítà dúró fún àkókò tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ tàbí kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn dókítà, àmọ́ wọn ò ní san kọ́bọ̀ fún màmá, kóòtù ló ń ṣe ìyẹn. Tó bá jẹ́ ọsibítù ìjọba ni, oṣù mẹ́ta péré ni òfin fún yín, ẹ ò bá ti pẹ́. Àyè ti aládàáni jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ẹ tètè rí lọ́yà. Tí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ dá owó padà, ẹ má jẹ́ kí màmá tẹ̀ka sí ìwé kankan kí lọ́yà tó kà á, torí wọ́n lè ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹjọ́ ti parí.