Ẹ Bi Wá: Rẹ́jímẹ́ǹtì Sikh ti Íńdíà

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. 36th Sikhs, rẹ́jímẹ́ǹtì kan nínú ọmọ ogun Íńdíà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn 21 tó kú ní 1897 ní Saragarhi, odi kékeré kan nítòsí ààlà Afghanistan, àmọ́ mi ò rí nọ́ńbà yẹn mọ́ láàárín ọmọ ogun Íńdíà òde òní. Ṣé wọ́n tú wọn ká ni?

Rárá o, orúkọ ló yí padà. Ọdún 1846 ni wọ́n kọ́kọ́ kó ọmọ ogun jọ ní Ferozepore àti Ludhiana. Àwọn wọ̀nyí ló di 14th àti 15th Sikhs. 36th dé ní 1887. Ní 1922, wọ́n kó gbogbo wọn sábẹ́ 11th Sikh Regiment: 14th di bàtálíọ̀nù kìíní, 15th di ìkejì, 45th di ìkẹta, 36th di ìkẹrin, 47th di ìkarùn-ún. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n yọ "11th" kúrò. 4 Sikh, ìyẹn bàtálíọ̀nù kẹrin Rẹ́jímẹ́ǹtì Sikh, ni kí ẹ wá.

Ẹ ṣọ́ra fún 1 Sikh, ìyẹn bàtálíọ̀nù kìíní, ibẹ̀ ló máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Àwọn ló fò lọ sí Srinagar ní Kashmir ní October 27, 1947, níbi tí ọ̀gá wọn, Lt Col Dewan Ranjit Rai, ti kú. Wọ́n ti bọ́ sí Mechanised Infantry, rẹ́jímẹ́ǹtì mìíràn tó ń fi ọkọ̀ ogun onírin jà, báyìí, bàtálíọ̀nù kẹrin ni wọ́n níbẹ̀. Ẹ má wo nọ́ńbà láìwo ọdún.

Bí gbogbo àwọn 21 tó wà ní Saragarhi bá kú, ta ló wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀?

Àwọn fúnra wọn ni. Òkè Samana kò jẹ́ kí odi Lockhart àti odi Gulistan rí ara wọn. Saragarhi, tó wà láàárín, rí méjèèjì, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gba ọ̀rọ̀ níhìn-ín, kó tà á sọ́hùn-ún. Heliograph ni wọ́n ń lò: dígí tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tó ń darí ìtànṣán oòrùn sí odi kejì. Ẹni tó ń lò ó á máa tẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ á ṣẹ́ gígùn tàbí kúkúrú, lẹ́tà kan á sì jáde.

Ní September 12, 1897, nígbà tí àwọn jagunjagun ẹ̀yà Afridi àti Orakzai yí odi Saragarhi ká, Gurmukh Singh, ọ̀kan nínú àwọn 21, ń fi dígí yìí ròyìn fún ọ̀gá wọn, Lt Col Haughton, ní Lockhart. Agbára Haughton kò ká a láti jáde lọ gbà wọ́n.

Ohun tó bá odi náà jẹ́ ni igun kan tí àwọn tó wà nínú kò lè rí láti orí ògiri. Àwọn ọ̀tá sá sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Àwọn ará Gulistan ń wò wọ́n kedere, wọ́n ń ta àmì, àmọ́ àwọn ará Saragarhi kò rí i. Ògiri ya. Gurmukh Singh tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó palẹ̀ dígí mọ́, ó gbé ìbọn. Àwọn 21, pẹ̀lú olórí wọn Havildar Ishar Singh, ni wọ́n fún ní Indian Order of Merit, oyè ìgboyà tó ga jù tí ọmọ Íńdíà lè gbà nígbà náà. Ó tọ́ sí wọn gan-an.

Ṣé àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó lọ Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì pàdé àwọn Sikh yìí?

Arakan, agbègbè kan ní ìwọ̀-oòrùn Bọ́mà, ni àwọn méjèèjì wà. Ní March 1944, Naik Nand Singh ti bàtálíọ̀nù kìíní, 11th Sikh Regiment, gba Victoria Cross, oyè ìgboyà tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí ọ̀nà Maungdaw sí Buthidaung. Ní àsìkò yẹn gan-an, 81st West African Division, tí 4th Nigeria Regiment wà nínú rẹ̀, ń jà ní àfonífojì Kaladan, ní ìhà ìlà-oòrùn. Òkè ló là wọ́n láàárín.