Ẹ̀fọn Garki: ẹ má tíì rán àbúrò yín jáde

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé o, ará wa ní Jámánì. Ẹ ní kí àbúrò yín tó wà ní Abuja bá yín mú ẹ̀fọn ní Garki, kó dà wọ́n sínú ìgò kan, kó fi ránṣẹ́, kí ẹ lè fi DNA wọn wé ẹ̀fọn tí WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) ṣiṣẹ́ lé lórí níbẹ̀ láyé àtijọ́ nítorí ibà. Ẹ dá a dúró ná.

Garki tí WHO ti ṣiṣẹ́ yẹn kì í ṣe Garki Area 1 àti Area 11 wa yìí. Ti Jigawa ni. Abẹ́ Kano ló ṣì wà nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, láti 1969 sí 1976. Ó jìnnà, ọ̀nà ọ̀hún ò sì fọkàn ẹni balẹ̀ lóde òní. Èmi ò ní rán àbúrò tèmi. Ẹ kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ kòkòrò ní Bayero University, Kano, tàbí ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Dutse. Wọ́n gbọ́ Hausa, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ rí máì gàrí (baálẹ̀ abúlé) kí wọ́n tó wọ yàrá onílé.

Ìgò kan ṣoṣo yẹn gan-an ló máa ba iṣẹ́ yín jẹ́. Irú ẹ̀fọn mẹ́ta kan, Anopheles gambiae, coluzzii àti arabiensis, jọra débi pé ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi àyẹ̀wò DNA tí wọ́n ń pè ní PCR. Ọdún 2013 ni coluzzii ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ tirẹ̀, nítorí náà “gambiae” tí ẹ bá rí nínú ìwé ìgbà náà lè jẹ́ gambiae tòde òní tàbí coluzzii.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù: wọ́n fín propoxur, oògùn apakòkòrò, sínú ilé ní Garki, ẹ̀fọn dín kù, ibà ò lọ. Mario Coluzzi, onímọ̀ ẹ̀fọn ará Ítálì, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ krómósómù (okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé DNA) ẹ̀fọn wọ̀nyẹn wò. Apá kan nínú krómósómù máa ń dorí kodò lára àwọn kan, kì í rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn mìíràn, irú èyí tó sì pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n mú nínú yàrá yàtọ̀ sí irú èyí tó pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n mú níta. Àwọn tó ń sinmi síta kì í fi bẹ́ẹ̀ kan oògùn ara ògiri. Tí wọ́n bá mú ti inú yàrá nìkan fún yín, kí lẹ fẹ́ fi wé kí ni?

Torí náà, kí wọ́n mú ti inú àti ti ìta. Kí ẹ̀fọn kọ̀ọ̀kan ní ike kékeré tirẹ̀, pẹ̀lú silica gel (èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun), kí wọ́n kọ ọjọ́, abúlé, àti inú tàbí ìta sí i lára. Ẹ má fi ọtí líle (ethanol) pa wọ́n mọ́. Wàhálà ni lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrù wọ bàálù. Kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dẹ ẹ̀fọn o.

Ní ti ìwé àṣẹ, Nàìjíríà wà nínú àdéhùn Nagoya (àdéhùn àgbáyé lórí bí orílẹ̀-èdè kan ṣe ń gba ohun alààyè lọ́wọ́ òmíràn), ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ní Abuja, lẹ máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ibí ni àbúrò yín ti wúlò: kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé lẹ́tà lọ, kó gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, kó sì máa padà lọ béèrè. Kí yunifásítì yín àti ti ibí náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí ẹ̀fọn ọ̀hún. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, torí òjò Jigawa kì í sábà kọjá oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá.