“O” tàbí “ẹ”: báwo la ṣe ń bá ẹni tí a kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí Wikipedia Yorùbá?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ìnagijẹ nìkan la fi mọ ara wa níbi tí a ti ń yọ̀ǹda ara wa kọ Wikipedia Yorùbá. Bí mo bá fẹ́ tún iṣẹ́ ẹnìkan ṣe, tí mi ò mọ̀ bóyá àgbà ni, báwo ni kí n ṣe bá a sọ̀rọ̀?

Ìdáhùn: “Ẹ” ni kí ẹ lò, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ̀rín ni yóò rín. Bí ó bá jẹ́ àgbà tí ẹ sọ “o” sí, ó lè má fèsì rárá, kó kàn má yọjú síbi iṣẹ́ mọ́. Kò kúkú sẹ́ni tó ń sanwó fún un.

Ẹ jẹ́ kó dọ́gba délẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́, mo ti ka àyọkà rẹ” kò bójú mu. “Àyọkà yín” ni. Nínú àyọkà fúnra rẹ̀, “ó” sàn ju “wọ́n” lọ lójú tèmi, ìbáà jẹ́ ọba là ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ẹni tó bá ka “wọ́n bí wọn ní 1940” yóò béèrè pé èèyàn mélòó.

Bí ẹlòmíràn bá sì sọ “o” sí yín, ẹ má tètè bínú. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka èdè Yorùbá ló ń fi “ẹ” bọ̀wọ̀ fún ẹnìkan ṣoṣo. Àwọn ará Oǹdó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n sì bí sí Lọ́ńdọ̀nù lè má tíì mọ ìyàtọ̀ “o” àti “ẹ”.

Ibi àtúnṣe gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ kọ́kọ́ kí i, kí ẹ tọ́ka sí gbólóhùn náà, kí ẹ sọ ẹ̀rí yín, kí ẹ wá bẹ̀ ẹ́: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún tó wà ní ìlà kejì kò bá ti ìwé tí ẹ tọ́ka sí mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.” “Bá mi” yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ náà: ó sọ ọ́ di pé onítọ̀hún ló ń ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá dá iṣẹ́ rẹ̀ padà, ìyẹn ni pé ẹ yí àyọkà náà padà sí bó ṣe wà kó tó fọwọ́ kàn án, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá tún un gbé padà, ojú ewé Ọ̀rọ̀, níbi tí a ti ń jíròrò nípa àyọkà náà, ló kù. Lórí Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá dá iṣẹ́ padà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín wákàtí 24 lórí ojú ewé kan lè rí ìdènà. Láàárín tiwa, ẹlẹ́ẹ̀kejì ti di ìjà.

“Ẹ” kì í sì í fọ èébú mọ́ o. “Ẹ ò mọ nǹkan kan, sà” ṣì jẹ́ èébú.