Kóòsì mélòó ló máa yọ lókè ilẹ̀? Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó o. Ìbéèrè yín yìí gbé ọkàn mi sókè torí ohun tójú èmi náà rí nìyẹn. Ẹ ní ilẹ̀ yín wà ní Ìṣẹrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Ògùn, omi máa ń wọ àdúgbò, àbúrò yín ní kẹ́ ẹ fi owó fàǹdéṣọ̀n "tó ga dáadáa" ránṣẹ́ láti Birmingham, ẹ wá ń bèèrè pé báwo ló ṣe yẹ kó ga tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

Ti sọ̀fè àti pùláànù, ẹ fa ìyẹn lé ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán lọ́wọ́, kò le. Kí wọ́n ṣáà wò ó dáadáa pé ilẹ̀ yín ò sí lójú ọ̀nà omi, torí ilé tó bá wà níbẹ̀, ó ga ni o, kò ga ni o, ìjọba á wó o.

Kóòsì, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń tò léra, òun gan-an ni wàhálà. Kọńtírátọ̀ tèmi ní kóòsì mẹ́jọ lòun máa gbé e. Búlọ́ọ̀kù kan ga ní ínṣì 9, ẹ ṣírò ẹ̀, fíìtì 6 nìyẹn, ta lọ́kàn ẹ̀ ò ní balẹ̀? Wọ́n ń fi fọ́tò ránṣẹ́, ògiri ga fíofío, àṣé inú kòtò ni ẹni tó ń yà á dúró sí tó gbé fóònù sókè! Kóòsì mẹ́rin ti wà nínú ilẹ̀. Fíìtì 3 péré ló yọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi, àbúrò bàbá mi tó ń bójú tó o ń sọ pé "ó ti ga ju ti gbogbo àdúgbò lọ." Ẹni tó wá láti ọ́fíìsì ìjọba, tó yẹ kó wọn gíga ẹ̀, inú mọ́tò ló jókòó sí, ó gba owó epo, ó buwọ́ lùwé, ó bá tiẹ̀ lọ. Inú ṣì ń bí mi dòní. Nígbà tó yá làwọn ará àdúgbò dáwó, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sójú títì, títì wá ń bá pálọ̀ wa dọ́gba. Oṣù kẹwàá, omi wọlé, ó dé ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri.

Ká tó lè gbé e sókè, a tú páànù, a yọ fèrèsé, a mọ ògiri lé ògiri, a wá rọ yẹ̀pẹ̀ sínú yàrá. Owó tó lọ sí i ju ti fàǹdéṣọ̀n àkọ́kọ́ lọ dáadáa.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé òjò ò rọ̀ púpọ̀ lọ́dún yìí. Omi Ìṣẹrí kì í ṣe ti òjò Èkó nìkan. Dáàmù Ọyàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983, lọ́nà Abẹ́òkúta lọ́hùn-ún, tó bá ti kún wọ́n á tú omi ẹ̀ sílẹ̀, inú odò Ògùn ló ń gbà wá bá wa, pàápàá láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Fọ́tò tí wọ́n yà nínú ẹ̀ẹ̀rùn ò lè fi ìyẹn hàn yín.

Kí ẹnìkan lọ sílé tó ti pẹ́ jù lágbègbè yẹn, omi máa ti fi àmì sílẹ̀ lára ògiri, bí ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tó lọ gbọọrọ. Ẹ bi onílé, á sọ èyí tó ga jù fún yín, 2010 ni ọ̀pọ̀ máa dárúkọ. Kí sọ̀fíyọ̀ fi ẹ̀rọ lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń wọn gíga gbé àmì yẹn dé orí ilẹ̀ yín, kó kùn ún sára òpó kan. Flóò yín gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán fíìtì 2 ga ju àmì yẹn lọ. Tí bíríkìlà bá wá sọ̀rọ̀ kóòsì, ẹ bi í pé mélòó ló máa wọlẹ̀, mélòó ló máa yọ? Kó na téèpù láti ojú ilẹ̀ dé DPC (kọnkéré tí wọ́n ń dà sórí fàǹdéṣọ̀n kí ògiri ilé tó bẹ̀rẹ̀) lórí fídíò, kẹ́ ẹ máa wò ó bó ṣe ń nà án.

Tí gíga fàǹdéṣọ̀n láti ojú ilẹ̀ bá máa ju fíìtì 4 lọ, ẹ má rọ iyanrìn kún un, iyanrìn á máa ti ògiri síta. Òpó kọnkéré ni kẹ́ ẹ gbé e lé, kẹ́ ẹ ṣe dẹ́kìn sórí ẹ̀, kí omi ráyè kọjá nísàlẹ̀, bí àwọn Ìlàjẹ ṣe ń kọ́lé láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹńjínníà ni kó ṣírò irin ẹ̀ o, kì í ṣe bíríkìlà, kí wọ́n sì yẹ ilẹ̀ wò kó tó ṣe é torí ẹrẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Sọ́kàwéè náà gbọ́dọ̀ ga, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á gba inú ilé ìgbẹ́ wọlé.

Ẹ má jẹ́ kó sú yín rárá. Lọ́dún tó kọjá omi dé, ó yí ilé wa ká, kò wọlé, màmá mi ò sì kúrò níbẹ̀. Ẹ pe àbúrò yín lónìí, ẹ bi í nípa kóòsì yẹn, ẹ wá kọ ohun tó bá sọ síbí kí n bá yín ṣírò ẹ̀.