Ẹ́ńjìnnì tí Wọn Kò Tíì Tú Rí: Ìdáhùn fún Ẹni tó Ń Tún Peugeot 504 Bàbá Rẹ̀ Ṣe

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé. Bàbá mi tó ti di olóògbé fi ọkọ̀ Peugeot 504 kan sílẹ̀, abẹ́ igi máńgòrò ló sì wà láti ọdún 2011. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti bàjẹ́ kí bàbá tó kú. Mo ra ẹ́ńjìnnì 505 kan ní 180 000 frànkì lára ọkọ̀ tí wọ́n ń tú tà. Ẹni tó tà á fún mi àti mẹkáníìkì mi ní wọn kò tíì tú u rí láti ìgbà tó ti dé láti Òkè-Òkun, pé n kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí a bá ti tú kì í bọ̀ sípò mọ́. Wọ́n ní kí a kàn da ọ́ìlì tuntun sí i, kí a gbé e wọ inú ọkọ̀, kí a sì ṣíná sí i. Ọ́ìlì wo ni kí n rà? Ṣé kí n da oògùn tí ń fọ inú ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ ọn?

ÌDÁHÙN: Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tí ẹ béèrè yóò dúró ná, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ, kò sì ní ràn yín lọ́wọ́ bí ohun tó ṣáájú rẹ̀ bá wọ́. Ẹ̀yin ni ẹni kẹrin tí yóò kọ irú ìwé yìí sí mi lọ́dún yìí. Ọ̀kan wá láti Ṣàkẹ́tẹ́, ọ̀kan láti Pobẹ́, ọ̀kan kò sì jìnnà sí ilé mi níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), gbólóhùn kan náà ni gbogbo yín sì ń gbé kiri bí ìwé ẹ̀rí: pé wọn kò tíì tú u rí. Ẹ jọ̀ọ́, bí ohùn mi bá le díẹ̀ nínú ìdáhùn yìí, ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bá wí.

Kí a tó débẹ̀, ohun tí ẹ pè ní ẹ́ńjìnnì 505 kò tíì yé mi. Oríṣiríṣi ẹ́ńjìnnì ni Peugeot fi sínú 505 láti ọdún 1979 tí ọkọ̀ náà jáde. Ọ̀kan wà tí àyè inú àwọn ihò písítọ̀nù rẹ̀ jẹ́ 1971 cm³, ìdílé XN, tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ 504. Òmíràn jẹ́ 1995 cm³, láti iléeṣẹ́ tí Peugeot àti Renault jọ dá sílẹ̀ ní Douvrin, kò sì bá ti bàbá yín tan rárá. Àwọn tó ń lo gásòyílì tún wà lọ́tọ̀. Ẹ fi ojú ara yín wò ó. XN máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n dígírì 45 nínú ọkọ̀, àwọn búùjì rẹ̀, ìyẹn èyí tí ń ta iná sí ẹ̀sáǹsì, wà nínú ihò jíjìn tó gba inú ìdérí fáfù kọjá, ṣéènì ló sì ń yí ohun tó ń ṣí fáfù. Bí ẹ bá rí bẹ́líìtì eléyín níwájú rẹ̀ tó gùn lọ sókè, wọ́n ti ta ohun mìíràn fún yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn àti iná wẹ́dà fi tipátipá mú un wọ ibi tí kò ti bá a mu. Láti ibí yìí lọ, mo gbà pé XN ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àìtú. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, ara irin ńlá náà gan-an ni wọ́n gbẹ́ ihò sí, tí písítọ̀nù ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀. XN kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣẹ́mísì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn agolo irin gbọọrọ tó dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a fi ọwọ́ kì bọ inú irin ńlá náà bí ìgbà tí a bá to ife sínú páálí. Omi rádíétọ̀ ló yí ẹ̀yìn wọn ká, tó ń fara kàn wọ́n tààrà. Ọ́ìlì ló wà nísàlẹ̀ wọn. Ohun tó la omi àti ọ́ìlì yìí láàrin kò ju òrùka pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan lọ ní ìdí ṣẹ́mísì kọ̀ọ̀kan, ohun tó sì ń tẹ òrùka náà mọ́lẹ̀ ni kùlásì, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, nígbà tí a bá fún àwọn bóòtù rẹ̀ dáadáa. Nítorí èyí, ṣẹ́mísì gbọ́dọ̀ yọrí díẹ̀ ju ojú irin ńlá náà lọ, kí kùlásì lè rí ohun tẹ̀. Ìyọrí yìí kéré débi pé ojú lásán kò lè wọ̀n ọ́n, aago ìwọ̀n la fi ń wò ó.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é báyìí? Kí ó lè rọrùn láti tú ni. Bí ṣẹ́mísì bá jẹ, a kì í wá ẹ̀rọ tí yóò tún ihò gbẹ́, irú èyí tí kò sí ní Kétu. A ó fa ti àtijọ́ jáde, a ó sì fi tuntun sí i pẹ̀lú písítọ̀nù tó bá a mu, wọ́n sì ń ta méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ya àwòrán ẹ́ńjìnnì yìí ti mọ̀ pé ọjọ́ títú rẹ̀ ń bọ̀, ó sì ti palẹ̀ mọ́ dè é. Ẹni tó bá wá sọ pé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í bọ̀ sípò mọ́ bí a bá tú u dà bí ẹni tó ní a kò gbọdọ̀ pààrọ̀ òwú fìtílà.

Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí irọ́ náà ti rí ẹsẹ̀ dúró. Òótọ́ ni pé àwọn ènìyàn ti rí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú lónìí tó kú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ tó tú u ló bà á jẹ́. Mẹkáníìkì yóò yọ kùlásì, kò ní fi nǹkan kan di ṣẹ́mísì mú, yóò sì ní kí ọmọ iṣẹ́ yí kiránkì, ìyẹn ọ̀pá ńlá tí àwọn písítọ̀nù ń yí, kí òun lè rí písítọ̀nù dáadáa. Bí písítọ̀nù ṣe ń gòkè ni yóò fa ṣẹ́mísì sókè díẹ̀ kúrò lórí òrùka ìdí rẹ̀, tí ìdọ̀tí yóò sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá dé e padà, omi ti rí ọ̀nà. Ẹ̀bi náà yóò wá bọ́ sórí títú, bí ẹni pé títú ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Èwo wá ni ti ẹ́ńjìnnì tí kò sí ẹni tó tú u, tó kàn jókòó? Omi lásán ni ọ̀pọ̀ wa ń dà sínú rádíétọ̀, omi yẹn sì ń jẹ ẹ̀yìn ṣẹ́mísì láìdáwọ́ dúró. Ẹrẹ̀ pupa yóò dì sí ìsàlẹ̀, òrùka ìdí yóò gbẹ. Bí fáfù kan bá ṣí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á kẹ́yìn, ọ̀rinrin yóò gba ibẹ̀ wọlé, rìngì tó yí písítọ̀nù ká yóò sì dógùn-ún mọ́ ara ṣẹ́mísì. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí tó hàn sójú láti ìta, àgàgà lẹ́yìn tí olùtà bá ti fi ẹ̀sáǹsì fọ̀ ọ́, tó fi ọ̀dà dúdú kùn ún, tó sì ń dán bí bàtà ọdún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ.

Èmi náà ti gba irọ́ yìí gbọ́ rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni, oníbàárà kan sì gbé ẹ́ńjìnnì wá láti ọ̀dọ̀ olùtà kan ní Kutọnu. Wọn kò tíì tú u rí. A da ọ́ìlì sí i, ó gbiná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun, mo sì ń fọ́nnu. A gbé ọkọ̀ náà gba ọ̀nà Pobẹ́ láti fi dán an wò. A kò tíì jìnnà sí Ṣàkẹ́tẹ́ tí ọwọ́ aago ooru fi bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Mo páàkì, mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ohun tó sì lẹ̀ mọ́ ọn funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí ògì tí wọ́n ta kọfí sí. Omi ti wọ inú ọ́ìlì. Nígbà tí a tú u nílé, gbogbo kúsínẹ̀ tí kiránkì ń yí lórí rẹ̀ ti jẹ dé ara bàbà, lẹ́búlẹ́bú wọn wà nísàlẹ̀ kátà, ìyẹn agbada ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo sì fi ìka kó o. Òrùka ìdí ṣẹ́mísì kẹta ti gbẹ, ó ti sán. Bí mo bá tú u ṣáájú, òrùka mẹ́rin àti jọ́ìntì kùlásì kan péré ni ǹ bá rà. Odidi kiránkì ni mo san lápò ara mi.

Nítorí náà, ẹ má ṣíná sí i. Ẹ yọ búùjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fẹ́ ìdọ̀tí inú ihò wọn dànù, kí ó má bàa já sínú. Ẹ da ọ́ìlì tí a fi gásòyílì là sí ihò kọ̀ọ̀kan, bíi ṣíbí ìjẹun méjì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà ńlá kọ́ bóòtù tó wà níwájú kiránkì, ẹ rọra yí i. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i, ẹ má lo sítátà. Sítátà kò mọ ìyàtọ̀ láàrin rìngì tó lẹ̀ àti èyí tó ń kán. Bí ó bá kọ̀, ẹ tún da òmíràn sí i, ẹ tún dúró. Bí ó bá yí, ẹ tú kátà ìsàlẹ̀, kí ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀ lójú oòrùn: dúdú kò burú, ohun tó ń dán bíi bàbà ló burú.

Ẹ wá yọ kùlásì. Kí kiránkì tó mira rárá lẹ́yìn èyí, kí mẹkáníìkì yín fi bóòtù àti wáṣà ńlá tẹ àwọn ṣẹ́mísì mọ́lẹ̀. Bí ó bá bi yín pé kí ni ìyẹn wà fún, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn. Ẹ fa àwọn ṣẹ́mísì jáde, ẹ sàmì sí wọn kí oníkálukú lè padà sí ipò rẹ̀, ẹ fọ ẹrẹ̀ ibi tí omi ń gbà, ẹ wo ẹ̀yìn wọn bóyá omi ti jẹ kòtò sí i, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo òrùka ìdí wọn, ìbáà dára lójú. Iye tí ṣẹ́mísì gbọ́dọ̀ fi yọrí wà nínú ìwé àtúnṣe ẹ́ńjìnnì náà gan-an, agbára tí a fi ń fún bóòtù kùlásì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní òun mọ agbára yẹn lọ́wọ́, kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ má ta ẹ́ńjìnnì bàbá yín fún àwọn oníirin. Ẹ kò sọ ohun tó bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí: ẹni gbogbo á ní ó ti bàjẹ́, wọn kò ní sọ ibi tó ti bàjẹ́. Bí irin ńlá rẹ̀ kò bá sán tí kiránkì rẹ̀ sì ṣì dúró, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun gan-an ni kí ẹ tún ṣe, kí èyí tí ẹ rà wá di ibi tí ẹ ó ti máa yọ ohun tó kù fún un. Bí kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ ó nílò kátà rẹ̀, apá tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, àti àwọn páìpù rẹ̀, nítorí pé ti 505 lè má bọ́ sí ojú ibi tí ti 504 wà.

Oògùn tí ń fọ inú ẹ́ńjìnnì, rárá. Yóò tú ìdọ̀tí tó ti dì láti ọdún gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdọ̀tí náà yóò sì lọ dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà wọ pọ́ǹpù rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan kù tí n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ẹ yọ táńkì, ẹ da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí ẹ̀sáǹsì ń gbà. Èyí tó gbẹ yóò jò sórí irin gbígbóná, iná yóò sì sọ. Bí ó bá jẹ́ pé kpayo, ìyẹn ẹ̀sáǹsì fàyàwọ́ inú ìgò, ni ẹ ó máa rà, ẹ fi asẹ́ tó dára síwájú kabúrétọ̀, mo mọ̀ pé ẹ ó rà á bí mo bá tilẹ̀ ní kí ẹ má rà á. Bíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe kí ọkọ̀ náà tó lè rìn rárá: rọ́bà rẹ̀, páìpù rẹ̀, omi rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátápátá. Ní ti ìwé, ẹ gba ìwé ẹ̀rí tí olùtà fọwọ́ sí, tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ANaTT, àjọ ìjọba Benin tó ń rí sí ìwé ọkọ̀, ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ẹ tó gbé e sínú ọkọ̀. N kò tíì fojú kan ọkọ̀ yín tàbí ẹ́ńjìnnì náà, nítorí náà ohun tí mo kọ síhìn-ín kò lè rọ́pò ojú ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, n kò sì lè dáhùn fún iṣẹ́ tí ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe.

Ẹ wọn ìyọrí ṣẹ́mísì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ wọ́n sínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì. Nígbà náà ni a ó sọ̀rọ̀ ọ́ìlì.