Ìbéèrè Yín: Ta Ni Olójú Méjì Orí Owó Idẹ Róòmù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí àwòrán ẹyọ owó idẹ Róòmù àtijọ́ kan. Orí onírùngbọ̀n olójú méjì ni ó wà níwájú rẹ̀, imú ọkọ̀ ojú omi sì wà lẹ́yìn. Ṣé ọ̀ṣọ́ lásán ni, àbí ó ní ìtumọ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ bi wá. Ó ní ìtumọ̀ púpọ̀. Janus ni olójú méjì yẹn, òrìṣà ẹnu ọ̀nà àti ìbẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo, tí ó ń wo ẹ̀yìn, tí ó sì ń wo iwájú lẹ́ẹ̀kan náà. As ni orúkọ owó náà. Dída ni wọ́n da àwọn àkọ́kọ́, wọ́n sì tóbi débi pé ẹyọ kan ń kún àtẹ́lẹwọ́. Imú ọkọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, ọ̀rúndún kan náà tí Róòmù ṣẹ́gun Carthage, ìlú ńlá kan ní Àríwá Áfíríkà, lójú òkun ní ọdún 241.

Àwọn ẹyọ kéékèèké ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ẹni tí kò mọ ìwé kà lè fi ìka mọ iye wọn. Uncia, tí méjìlá rẹ̀ jẹ́ as kan, ní àmì roboto kan. Sextans ní méjì, pẹ̀lú orí Mercury, òrìṣà òwò, tí ó dé fìlà tó ní ìyẹ́ apá. Quadrans ní mẹ́ta, pẹ̀lú Hercules, akọni alágbára inú ìtàn àtẹnudẹ́nu, tó fi awọ kìnnìún borí. Imú ọkọ̀ kan náà ni ó wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Macrobius, òǹkọ̀wé Róòmù kan, tilẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn ọmọdé ìgbà tirẹ̀, ní ọ̀rúndún karùn-ún lẹ́yìn ìbí Jésù, ṣì ń kígbe “orí tàbí ọkọ̀” bí wọ́n bá ju owó sókè, bẹ́ẹ̀ owó ọlọ́kọ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Janus tún padà wá sórí owó lábẹ́ Nero, ọba Róòmù, ní nǹkan bí ọdún 65 lẹ́yìn ìbí Jésù, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ni wọ́n yà lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ wò ó dáadáa: ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, wọ́n sì fi ọ̀wọ́ òdòdó kọ́ sókè rẹ̀. Àṣà Róòmù ni pé kí wọ́n má ti ìlẹ̀kùn náà àfi tí kò bá sí ogun níbì kankan, nítorí náà ẹni tó bá rí i mọ̀ pé àlàáfíà ni ọba ń kéde. Ní ọdún 66, nígbà tí owó náà ṣì ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Jùdíà.