Èsì: Ọmọ ọdún 5 tó ń tiro láti àárọ̀

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ ní orúnkún ló ń tọ́ka sí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ orúnkún náà, kì í dùn ún. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ìgbáròkó rẹ̀ wò. Ìrora ìgbáròkó ọmọdé sábà máa ń sọ̀ sí itan tàbí orúnkún, ó sì ń ṣi ọ̀pọ̀ òbí lọ́nà.

Ọ̀fìnkìn tẹ́ ẹ ní ó ṣe é lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fura sí. Lára ọmọ ọdún 3 sí 10, oríkèé ìgbáròkó lè wú lẹ́yìn ọ̀fìnkìn. Ìsinmi àti ibuprofen tí wọ́n fi ìwọ̀n ara ọmọ díwọ̀n máa ń tó, ó sì sábà ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Aspirin kọ́ o! Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá fa ẹsẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé, tàbí tí kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ rárá, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà lóru. Ìyẹn lè jẹ́ àmì ọyún inú oríkèé, tó lè ba eegun jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí títiro bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2, ẹ ní kí wọ́n ya X-ray, torí àìsàn Perthes, níbi tí ẹ̀jẹ̀ kì í ti í dé orí eegun itan dáadáa, máa ń mú ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀.